Ẹ̀rọ Amúlétutù Tí Ìyá Mi Fi Etí Yàn

Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti fojú rí ènìyàn gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó kọjá níwájú ilé wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí tí kò mọ̀. Ọ̀nà oko ló gba iwájú ilé náà, fèrèsé yàrá rẹ̀ sì kọjú sí i gan-an. Àga rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn kì í gba iwájú fèrèsé àgbà kọjá láì kí i. Bí o ń sáré, wàá dúró. Bí o ru igi ìdáná, wàá tẹ orúnkún díẹ̀ bí kò tilẹ̀ rí ọ, wàá kí i, wàá sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ìdáhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi kì í kàn sọ pé "o ò" kí ó dákẹ́. Á ki ẹni náà ní oríkì ilé bàbá rẹ̀, á béèrè ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lánàá, á ní, "Ẹsẹ̀ òsì rẹ kò tíì san o, mo gbọ́ bí o ṣe ń wọ́ ọ." Tí a bá ń jẹun ìrọ̀lẹ́, á sọ ẹni tó lọ oko fún mi, á sọ ẹni tí kò lọ, á sì sọ ìdí tí kò fi lọ. Èmi tí ojú mi méjèèjì ríran, òun ni mo máa ń bi léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì padà sílé láti máa tọ́jú rẹ̀. N kì í ṣe onísùúrù. Àwọn tí mo kọ́ níwèé ní Àràmọ̀kọ̀ àti Ẹ̀fọ̀n lè jẹ́rìí sí i, etí wọn kò ní tíì gbàgbé. Mo sọ èyí kí ẹni tó ń kà á lè mọ irú ènìyàn tí ó ń rojọ́ fún un.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo ti ọjà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá ìyá mi nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òkè ló yí ìlú wa ká, bí oòrùn bá ti dà sáàárín wọn, kì í tètè rí ọ̀nà jáde, páànù ilé wa sì tún rẹlẹ̀. Fáànù wà, ṣùgbọ́n ooru náà ló ń bù fẹ́ sí i lára. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pé kí a wá ibi tútù fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ní yàrá tútù kan wà nílé òun, wọ́n ti ń kùn ún lọ́dà. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Bí Àjíǹde bá dé tí Ìyá ṣì wà nínú ooru yẹn, mò ń bọ̀ wá gbé wọn. Mi ò ní bá ọ jiyàn." Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún ìyá mi, ó yíjú sí fèrèsé rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Kí ló wà níwájú fèrèsé yàrá náà?" Mo ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ògiri ilé kejì ló wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ògiri kì í kí ènìyàn."

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ìyá mi lọ síbẹ̀, ara rẹ̀ á tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi dẹni tí ń jókòó tí ń retí oúnjẹ. Mo ti rí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀. Mo búra nínú ara mi pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ mi obìnrin ti gbé iná oòrùn sórí òrùlé fún wa tẹ́lẹ̀, nítorí náà iná kò ní jẹ́ ìṣòro lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ amúlétutù ló kù, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú fèrèsé.

Níbi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Mo lọ sí Adó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tà á fún mi ní tòkunbọ̀ ni, ó lágbára, kí n gbọ́ bó ṣe ń ṣe. Ó tàn án, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ń mì. Inú mi dùn. Àwa ará ibí, ohun tí kò bá pariwo, a kì í gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yan ẹ̀rọ tí ń lọ ata, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe ń yan oníwàásù. Mo gbé e wálé tayọ̀tayọ̀.

Fèrèsé méjì ló wà nínú yàrá ìyá mi, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, sí àgbàlá ibi tí a ti ń dáná. Oníná tí mo pè wá ní ti ẹ̀gbẹ́ á gba kí wọ́n gé irin, ti iwájú sì ti ní àyè tẹ́lẹ̀. Mo ní kó fi sí iwájú, kí ó ṣe kíá. Ìyá mi ní, "Ṣé iwájú?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀." Bí mo ṣe fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ dí ibi tí ìyá mi fi ń gbọ́ ìlú nìyẹn, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ oníná.

Yàrá náà tutù, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àfi kí o fi ẹnu kan etí rẹ̀. Níta, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń fẹ́ ooru sójú àwọn tó ń lọ sóko, omi sì ń kán sí wọn lórí nígbà tí wọ́n bá dúró kí i. Wọ́n ń kí i, kò dáhùn. Ní ìlú wa, bí o bá kí àgbà tí kò dáhùn lọ́jọ́ kìíní, ó sùn ni. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ kò yá. Lọ́jọ́ kẹta, wàá lọ pe ènìyàn wá.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wà lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹpẹtẹ nínú pálọ̀. Mo wọlé, mo bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa, mo bá Àlùfáà Mùsùlùmí tó múlé tì wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, mo bá àgbàlagbà àgbẹ̀ méjì tí wọ́n ti ṣí fìlà. Ìyá kan ti ń fi ohùn kékeré dá orin ìsìnkú. Kí n tó lanu, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn yàrá. Ìyá mi jókòó lórí àga rẹ̀, ó ró aṣọ méjì, ó we gèlè mọ́ etí, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé.

Olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ sí etí rẹ̀, ó pariwo pé, "Yèyé, a ti kí in fún ọjọ́ mẹ́ta!" Ìyá mi ní, "N ò gbọ́ o. Ulé tí wọ́n ti ń lọ ata ni ọmọ mi gbé mi wá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àyàfi èmi. Fóònù mi sì dún. Ẹnì kan ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn láti kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó ń sunkún. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìyá wa ń mu ẹ̀kọ, ẹkún rẹ̀ di ìbínú, ó ní èyí ti fi hàn pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe, pé Ìbàdàn kò yẹ̀ mọ́.

Ìyá mi ní kí n yọ ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Jẹ́ kí ooru pa mí. Ìyẹn á jẹ́ kí n gbọ́ ẹni tó ń sunkún mi." Inú bí mi. Mo ní kò sí ohun tí ènìyàn ṣe fún ìyá rẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ń tì mí láti kọ ìyókù síhìn-ín. Ọjọ́ méjì la fi ń bá ara wa sọ pé "oúnjẹ rèé" àti "mo ti yó." Lọ́jọ́ kẹta mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ tí n kò mọye wọn, n kò sì fi kọ́ ara mi. Ó fọwọ́ wá orí mi kàn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ùwọ ló ra àkọ́kọ́. Èmi ni n ó ra èkejì."

Bí a ṣe wọ takisí lọ sí Ìjerò nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí a yà sí tóbi, ẹ̀rọ amúlétutù tò lọ bẹẹrẹ lórí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á fi bíírò há etí, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní, "Màmá, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Báwo ni yàrá yín ṣe tóbi tó?" Mo sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí ó gbé àga fún òun ná, kí ó sì máa tan ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí mi. "Ùwọ, jáde lọ sí títì, kí o máa kí mi. Ohùn ẹni tó ru ẹrù ni kí o fi kí mi. Má fi ohùn tíṣà kí mi."

Mo dúró sínú oòrùn Ìjerò, èmi ìyá àgbà, mo ń kí ìyá mi láti òdìkejì ọ̀nà. "Ẹ kú ulé o, Yèyé." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tan àkọ́kọ́, n kò gbọ́ ìdáhùn. Mo tún kí i, ó tan èkejì, ìyá mi kò dáhùn. Àwọn ènìyàn ti ń wò mí. Ọlọ́kadà kan bi mí bóyá nǹkan ń ṣe mí. Mo sọ ohun tí mo ń ṣe fún un, òun náà bá dúró, ó ń bá mi kí i. Ìyá kan tó ń kiri ẹ̀pà, tó pọn ọmọ, dúró pẹ̀lú. Ènìyàn Èkìtì ò ṣáà lè rí àgbà tí wọ́n ń kí kó má bá wọn dá sí i.

Láti inú ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi ń dájọ́. Ó ní èkíní ń kùn bí oyin inú igi. Ó ní èkejì ń hanrun, bó bá sì yá, á gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ẹ̀kẹta dákẹ́, inú mi ti fẹ́ máa dùn, àfi gbà! Ó ta jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí hu. Ìyá mi ní, "Eléyìí ń ṣe bí ọmọlúàbí tẹ́lẹ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ọjọ́ tó ti pẹ́ ṣe ń ṣe, wọ́n á kú, wọ́n á tún jí. Ó ní irú tuntun wà tí kì í kú rárá. Bí yàrá bá ti tutù, á kàn rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, á máa rọra lọ. Mo ti ẹnu ọ̀nà bi í pé kí ló dé tí kò gbé e wá. Ó ní ó kéré, àti pé àwọn ènìyàn máa ń dá a padà. Wọ́n ní kò ṣiṣẹ́, nítorí wọn ò gbọ́ ariwo.

Ìyá mi ní kó gbé e wá.

Ó gbé e kúrò nísàlẹ̀ páálí ní kọ̀rọ̀, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì fi iná sí i. A dúró. Ìyá mi na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ṣé o ti tàn án?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ẹ̀ẹ̀kan, màmá." Mo padà sí títì, mo fi ohùn ẹni tó ru ẹrù kí i, ó sì dá mi lóhùn, ó ki mi ní oríkì ilé bàbá mi. Ọlọ́kadà kí i, ó dá a lóhùn. Ìyá ẹlẹ́pà kí i, ìyá mi ní, "O ò kú uṣẹ́ o. Imú ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ dí, nù ún fún un kó lè sùn." Obìnrin náà sọ igbá ẹ̀pà kalẹ̀, ó sọ ọmọ, ó wò ó nímú. Òótọ́ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ wá máa bá mi ta ọjà." Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Lọ́nà ilé, ìyá mi fi ọwọ́ lé páálí ẹ̀rọ náà lórí itan rẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n fi sí bùtù.

A yọ ti àkọ́kọ́ kúrò níwájú; lọ́tẹ̀ yìí, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ la fi tuntun sí. Oníwẹ́dà gé irin, káfíńtà sì fi rọ́bà táyà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kó má baà máa lu igi, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi lè máa kán sí ìdí ewúro wa, ó sì fi fóòmù dí àlàfo. Ó ní ó ti parí. Ìyá mi ní igun ọ̀tún ṣì ń gbọ̀n. Káfíńtà ní kò gbọ̀n. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì lọ wá rọ́bà mìíràn wá.

Ṣùgbọ́n kí òtútù tó lè dúró nínú yàrá, a ní láti ti gíláàsì fèrèsé iwájú. N kò ro ìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí fèrèsé àgbà bá wà ní títì, ó ń sinmi, ẹnì kan kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá. Ìyá mi ń gbọ́ wọn kedere, ẹ̀rọ náà kò dí i lọ́wọ́ rárá. Ó ń sọ fún mi, "Ọmọ ọ̀gá àgbẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ìyàwó káfíńtà nìyẹn, ó ru omi." Kò sẹ́ni tó kí i. Ó dùn mí ju ìgbà tí mo bá a nílẹ̀ lọ. Mo dìde láti lọ dúró sójú ọ̀nà kí n máa bá wọn jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ní, "Jókòó."

Ẹsẹ̀ kan tún ń bọ̀. Ìyá mi fi òrùka ìka rẹ̀ kan gíláàsì, kó kó kó, ó sì gbé ohùn sókè: "Ùwọ tí o gbé ọkọ́ léjìká, o kú uṣẹ́ o. Èmi Yèyé ni mo kọ́kọ́ kí ọ."

Mo yọjú. Ọkùnrin náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti ní ọmọ ọmọ, ti ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Kí àgbà kọ́kọ́ kí ọmọdé! Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ sí i mọ́ láyé. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ìyá mi ń bi í léèrè iṣu rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ó ti kọ́kọ́ kí ènìyàn mẹ́rin, gbogbo wọn ló dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí oníkálukú tètè kí Yèyé kí Yèyé tó kí i. Láti ìgbà náà, wọ́n ń kí fèrèsé títì bí ẹni pé ó ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì máa ń kí i láti ọ̀ọ́kán, kó má baà ṣáájú wọn.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí sun oorun ọ̀sán. Ooru tó rú sí i lọ́rùn gbẹ. Nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti wálẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo ń yọ asẹ́ iwájú ẹ̀rọ fọ̀, nítorí eruku ọ̀nà oko kì í ṣeré. Bí mo bá gbàgbé, ìyá mi á ní ẹ̀rọ mi ń mí bí ẹni tó gun òkè. Àlejò sì pọ̀ sí i. Àlùfáà aládùúgbò wa máa ń wá kí i lẹ́yìn ìrun Àílà, Alásàárì ló sì máa ń gbé e dìde. Ìyá mi á ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ulẹ̀ tútù. Ẹ jókòó, kò tíì tó àsìkò."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, mo ń gbá iwájú ilé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá nígbà tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀. Ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìkóríta nítorí àgbàrá tó gé ọ̀nà. Ó gbé báàgì ńlá kan tó ṣófo, mo sì mọ ohun tó wá fi í kó. Ó fi ìka sẹ́nu fún mi pé kí n dákẹ́. Ó dúró níwájú fèrèsé títì náà, ó yí ohùn padà bíi ti àgbàlagbà àgbẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ulé o, Yèyé."

Ìyá mi dáhùn láti inú ilé pé, "Bàtà tuntun yẹn há ọ lẹ́sẹ̀, ọmọ mi. Bọ́ ọ síbẹ̀ kí o wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà náà, ó sì wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó ń wá ibi tí òtútù ti ń wá. Ó bi mí bóyá a ti tan ẹ̀rọ náà. Mo gbé iyán fún un, ó jẹ ẹ́, ó ní kí òun fara ti àga díẹ̀ kí àwọn tó sọ̀rọ̀ tó gbé òun wá. Kò pẹ́ tí ó fi sùn lọ. Gbogbo ọ̀sán yẹn, bí àwọn tó ti oko dé ṣe ń kí ìyá mi, ó ń tẹnu mọ́ gíláàsì dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́: "Ẹ rọra kí mi. Ọmọ mi ń sùn."

Nígbà tó jí, oòrùn ti rọlẹ̀. Ó jókòó pẹ́, ó ń gbọ́ bí ìyá wa ṣe ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ tó gbé e wá. Lẹ́yìn Àjíǹde, nígbà tó ń padà lọ, ìyá wa ní kí n di iṣu fún un. Mo bi í pé inú kí ni kí n dì í sí. Ó na báàgì ńlá náà sí mi, ó ní, "Di ín sí eléyìí. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."